Ọdún Tó Wà Lára Ìgò Ṣanpéènì àti Bí A Ṣe Ń Tọ́ Ọ Wò

Ẹ gbé ìgò ṣanpéènì méjì tó ti ilé iṣẹ́ kan náà wá sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Ẹ lè rí i pé ọ̀kan ní 2008 tàbí 2012 lára, kí èkejì má ní ọdún kankan. Èyí tó ní ọdún lára ló sábà máa ń wọ́n jù, nígbà mìíràn ní ìlọ́po méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ibẹ̀ ni ìbéèrè ti ń bẹ̀rẹ̀. Ṣé kò tíì bàjẹ́ láti ọdún náà wá? Ṣé ọdún yẹn ni wọ́n rọ ọ́ sígò? Àbí bó bá ṣe pẹ́ tó ló ṣe ń dára tó? Kò yẹ ká fi ẹni tó bá béèrè bẹ́ẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́, torí ohun mímu tí à ń rà lójoojúmọ́, ọjọ́ tí yóò bàjẹ́ la kọ́kọ́ ń wò lára rẹ̀. Ti ṣanpéènì ò rí bẹ́ẹ̀. Ọdún tí wọ́n kórè èso àjàrà tó wà nínú ìgò yẹn ni nọ́ńbà náà ń sọ, kò sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Owó tí wọ́n fi lé e, owó àkókò ló pọ̀ jù nínú rẹ̀. Ọdún mẹ́ta, mẹ́fà, nígbà mìíràn mẹ́wàá, ni irú ìgò bẹ́ẹ̀ fi ń wà nínú òkùnkùn lábẹ́ ilẹ̀ kó tó jáde, ohun tí àkókò yẹn sì fi sínú ọtí ni à ń rà. Ó ń dùn mí bí mo bá rí i tí wọ́n jù ú sínú fírísà, tí wọ́n mì ín kó lè ró gbàù, tí wọ́n wá dà á sínú ife tóóró. Ohun tí wọ́n sanwó fún gan-an ni nǹkan mẹ́ta yìí ń pa.

Agbègbè Champagne wà ní àríwá ìlà-oòrùn ilẹ̀ Faransé, bíi 150 kìlómítà sí Paris. Reims àti Épernay ni ìlú tí òkìkí wọn kàn jù níbẹ̀. Lábẹ́ òfin ilẹ̀ Yúróòpù, wáìnì tí kò bá ti ibẹ̀ wá kò gbọdọ̀ jẹ́ orúkọ náà. Prosecco ti Ítálì ń hó, cava ti Sípéènì ń hó, wọ́n sì dára láyè ara wọn, àmọ́ orúkọ tiwọn ni wọ́n ń jẹ́. Irú àjàrà mẹ́ta ló gbajúmọ̀ jù ní Champagne: Chardonnay tó jẹ́ funfun, àti Pinot Noir pẹ̀lú Meunier tí èèpo wọn dúdú. Omi inú àwọn dúdú náà mọ́, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi lè fún ọtí funfun jáde lára èso dúdú. Bí ẹ bá rí "blanc de blancs" lára ìgò, àjàrà funfun nìkan ló wà níbẹ̀.

Òtútù ni ìṣòro àgbẹ̀ ibẹ̀. Lọ́dún mìíràn èso kì í pọ́n dáadáa. Ìrì dídì lè jó ọ̀mùnú, òjò lè pọ̀ jù, yìnyín lè já bọ́ láti òkè kó fọ́ èso lórí igi. Wọ́n wá dá ọgbọ́n kan: wọ́n ń tọ́jú wáìnì ọdún tó dára pamọ́, wọ́n sì ń dà á mọ́ ti ọdún tuntun, kí adùn ọtí wọn má bàa yí padà lọ́dọọdún. Ìgò tí kò ní ọdún lára nìyẹn. Kì í ṣe ayédèrú, kò sì sí ìtìjú nínú rẹ̀. Òun ló pọ̀ jù nínú gbogbo ṣanpéènì tí wọ́n ń tà.

Bí ọdún kan bá wá dára gan-an, ilé iṣẹ́ kan lè sọ pé òun ò ní da ti ọdún mìíràn mọ́ ọn. Oníkálukú ló ń pinnu èyí fún ara rẹ̀. Ohun tí òfin wí ni pé gbogbo ohun tó wà nínú ìgò náà gbọ́dọ̀ jẹ́ ìkórè ọdún yẹn, àti pé ó kéré tán ó gbọ́dọ̀ lo ọdún mẹ́ta nínú àjà ilẹ̀, nígbà tí èyí tí kò lọ́dún lára lè jáde lẹ́yìn oṣù 15. Ní ti ṣanpéènì tó ń jẹ́ Dom Pérignon, ti ọlọ́dún, ìyẹn èyí tó ní ọdún lára, nìkan ni wọ́n ń ṣe. Salon, ilé iṣẹ́ kan tó ń lo Chardonnay abúlé Le Mesnil-sur-Oger nìkan, kì í gbé ọtí jáde rárá lọ́dún tí kò bá tẹ́ ẹ lọ́rùn.

Nítorí náà, ọdún kan kò jọ ọdún kejì lẹ́nu. Ní 2003, ìrì dídì pa ọ̀pọ̀ ọ̀mùnú nígbà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yọ, lẹ́yìn náà ni ooru àrà ọ̀tọ̀ mú gbogbo ilẹ̀ Faransé. Inú oṣù Kẹjọ ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ ìkórè, èyí tí kò wọ́pọ̀ nígbà náà. Ọtí ọdún yẹn ki, kíkan rẹ̀ kéré, ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ ni kò sì gbé e jáde. Ní 2008, ẹ̀ẹ̀rùn tutù, oòrùn wá ràn ní oṣù Kẹsàn-án, èso pọ́n díẹ̀díẹ̀, kíkan rẹ̀ ò sì lọ. Kíkan yẹn ló ń gbé ọtí ró fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ẹni tó bá tọ́ méjèèjì wò tẹ̀ léra wọn á mọ̀ pé ojú ọjọ́ ni òun ń mu.

Bí híhó ṣe ń wọ inú ìgò ló kàn. Ẹni tó mọ ẹmu ti mọ ìdajì ọ̀rọ̀ yìí. Ẹmu tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé sọ̀kalẹ̀ láàárọ̀ dùn. Tó bá fi máa di ìrọ̀lẹ́ ó ti le, ó ti kan, ó sì ń hó lẹ́nu agbè, nítorí ìwúkàrà inú rẹ̀ ti jẹ ṣúgà, ó sì ti sọ ọ́ di ọtí àti afẹ́fẹ́. Ti ẹmu, afẹ́fẹ́ náà ń bá tirẹ̀ lọ. Ní Champagne, wọ́n há a mọ́nú. Wọ́n kọ́kọ́ ń sọ omi àjàrà di wáìnì lásán tí kì í hó. Wọ́n á wá fi ìwúkàrà tuntun àti ṣúgà bíi gíráàmù 24 sí lítà kan rẹ̀, wọ́n á rọ ọ́ sígò, wọ́n á dé e pa. Afẹ́fẹ́ tí ìwúkàrà bá mú jáde kò ní rí ọ̀nà lọ, inú ọtí ni yóò wọ̀. Agbára tó fi ń ti ara ìgò lè tó ìlọ́po mẹ́fà ti afẹ́fẹ́ tó yí wa ká. Ìdí rèé tí ìgò ṣanpéènì fi nípọn tó bẹ́ẹ̀.

Bí ṣúgà bá tán, ìwúkàrà á kú, á sì rọ̀ sísàlẹ̀ di gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀. Ibí yìí ni gbogbo ọ̀rọ̀ náà dá lé, ẹ jẹ́ ká fara balẹ̀ síbẹ̀. Gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ yẹn kì í ṣe ìdọ̀tí. Bí oṣù ṣe ń gorí oṣù, ara ìwúkàrà tó ti kú á máa tú, ohun inú rẹ̀ á sì máa bọ́ sínú ọtí díẹ̀díẹ̀. Òun ló ń mú òórùn búrẹ́dì gbígbóná wá, ti bọ́tà, ti èso tí a yan lórí iná, nígbà mìíràn ti olú. Ó ń dáàbò bo ọtí náà kí afẹ́fẹ́ ọ́síjìn má bàa tètè dógùn sí i. Ó tún ń mú kí híhó rẹ̀ rọ̀ lẹ́nu, kó má gún ahọ́n. Kò sí ẹni tó lè yára ṣe é, kò sì sí èròjà tí a lè dà sí i lọ́jọ́ kan tí yóò ṣe iṣẹ́ ọdún mẹ́jọ.

Abẹ́ ilẹ̀ ni wọ́n ti ń dúró dè é. Ilẹ̀ Reims, ẹfun ni lábẹ́, wọ́n sì ti gbẹ́ ihò ńláńlá sínú ẹfun yẹn láti ọ̀pọ̀ ọ̀rúndún sẹ́yìn. Òtútù ibẹ̀ kì í yí padà tẹ̀ẹ̀rùn-tòjò, ìmọ́lẹ̀ kì í wọlé, kò sì sí ariwo. Ní 2015, UNESCO ka àwọn àjà ilẹ̀ wọ̀nyí, pẹ̀lú òkè tí wọ́n ń gbin àjàrà sí, mọ́ ogún gbogbo ayé.

Tí àkókò bá tó, gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ gbọ́dọ̀ jáde láìjẹ́ pé híhó bá a lọ. Ilé iṣẹ́ opó kan ni wọ́n ti rí ọgbọ́n rẹ̀. Barbe-Nicole Ponsardin, tí gbogbo ayé mọ̀ sí Veuve Clicquot, ẹni ọdún 27 ni nígbà tí ọkọ rẹ̀ kú ní 1805, ó sì gba iṣẹ́ náà ṣe. Ní nǹkan bí 1816, wọ́n lu ihò sára tábìlì níbẹ̀, wọ́n ń gbé ìgò sínú ihò náà ní ìdojúdé, wọ́n sì ń yí i díẹ̀díẹ̀ lójoojúmọ́ títí gbogbo gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ á fi kóra jọ sí ọrùn rẹ̀. Ẹ̀rọ ló ń ṣe ọ̀pọ̀ iṣẹ́ yẹn báyìí. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á mú ọrùn ìgò dì, wọ́n á ṣí i, gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ tó ti dì á ta jáde, wọ́n á fi wáìnì tó ní ṣúgà díẹ̀ kún àyè rẹ̀, wọ́n á sì fi kọ́ọ̀kì dí i.

Ṣúgà ìkẹyìn yìí ló bí orúkọ tó ń da ọ̀pọ̀ èèyàn láàmú lára ìgò. Brut ni èyí tí ṣúgà rẹ̀ kò tó gíráàmù 12 nínú lítà kan. Extra Brut kò gbọdọ̀ ju 6 lọ. Ẹni tó bá rí Extra Dry á rò pé òun ni kò dùn jù, bẹ́ẹ̀ ó dùn ju Brut lọ: 12 sí 17 ni tiẹ̀. Demi-Sec jẹ́ 32 sí 50, ó dùn dáadáa. Ọ̀pọ̀ jù nínú àwọn ọlọ́dún, Brut tàbí Extra Brut ni wọ́n. Tó bá jẹ́ pé adùn lẹ ń wá, Demi-Sec ni kí ẹ rà, kí ẹ má ṣe tijú ẹnikẹ́ni.

Mo ní ẹ̀rí fún ìyẹn. Ní 2010, àwọn omùwẹ̀ rí ọkọ̀ ojú omi kan tó ti rì láti ọ̀rúndún 19, nísàlẹ̀ òkun Báltíìkì nítòsí erékùṣù Åland ti orílẹ̀-èdè Finland, ní nǹkan bí 50 mítà sísàlẹ̀. Ìgò ṣanpéènì 168 ló wà níbẹ̀, àwọn kan jẹ́ ti Veuve Clicquot. Philippe Jeandet ti Yunifásítì Reims àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ yẹ ọtí náà wò, wọ́n sì gbé àbájáde rẹ̀ jáde ní 2015. Lẹ́yìn bíi 170 ọdún, ó ṣì ṣeé mu. Ṣúgà inú rẹ̀ tó bíi gíráàmù 150 nínú lítà kan, torí bẹ́ẹ̀ ni àwọn ènìyàn ìgbà yẹn ṣe fẹ́ ẹ. Ìgbà tó yá ni àwọn ará Lọ́ńdọ̀nù bẹ̀rẹ̀ sí béèrè fún èyí tí kò dùn, tí Madame Pommery, obìnrin tó ń darí ilé iṣẹ́ ṣanpéènì Pommery, sì gbé ti ọdún 1874 jáde fún wọn, tí òkìkí rẹ̀ kàn.

Ohun tí mo fẹ́ràn jù nínú ìròyìn ọtí inú òkun yẹn ni bí wọ́n ṣe tọ́ ọ wò. Nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ gbóòórùn rẹ̀, wọ́n ní ó ń rùn bí irun ẹran tó tutù, bíi wàràkàṣì. Wọ́n yí i nínú ife, wọ́n jẹ́ kí atẹ́gùn fẹ́ sí i. Ó wá di òórùn èéfín, ti èròjà ọbẹ̀, ti awọ. Ẹni tó bá dà á nù níṣẹ̀ẹ́jú àkọ́kọ́ ì bá ti pàdánù.

Bí a ṣe ń ṣe é nìyí. Ẹ má gbé e sínú fírísà. Òtútù tó pọ̀ jù ń pa òórùn, ahọ́n tó ti kú fún òtútù kò sì lè mọ ohun tó wà lórí rẹ̀. 10°C sí 12°C ló dára fún ti ọlọ́dún. Wákàtí díẹ̀ nínú fìríìjì tó, tàbí ogún sí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú nínú bọ́kẹ́ẹ̀tì tí yìnyín àti omi jọ wà nínú rẹ̀. Yìnyín nìkan láìsí omi kì í tètè mú ìgò tutù. Fìríìjì máa ń mú un tutù ju bó ṣe yẹ lọ, nítorí náà ẹ gbé e jáde ṣáájú kí ẹ tó ṣí i. Nínú ooru Èkó, ife kò ní pẹ́ gbóná, torí náà díẹ̀díẹ̀ ni kí ẹ máa dà á.

Ní ti ṣíṣí, ẹ má mì ín. Gbogbo híhó tó bá tú jáde lórí aṣọ àlejò ti bọ́ lọ́wọ́ yín. Ẹ fi àtàǹpàkò tẹ orí kọ́ọ̀kì kí ẹ tó tú wáyà rẹ̀, ẹ má sì gbé ìka kúrò níbẹ̀ mọ́ láti ìgbà náà. Ẹ dojú ìgò kọ ibi tí kò sí èèyàn, ẹ tẹ̀ ẹ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ díẹ̀, ẹ di kọ́ọ̀kì mú gírígírí, kí ẹ wá máa yí ìgò, kì í ṣe kọ́ọ̀kì. Ẹ ó rí i tí kọ́ọ̀kì fúnra rẹ̀ ń ti ọwọ́ yín. Ẹ máa dá a dúró bó ṣe ń bọ̀. Bí ẹ bá ṣe é dáadáa, ó kàn máa mí hẹ̀ẹ̀ ni, kò ní ró.

Ife tóóró gígùn lẹ́wà lójú, àmọ́ imú kò ráyè nínú rẹ̀. Ife pẹlẹbẹ fífẹ̀ tún burú jù, torí híhó àti òórùn ń sá lọ kíákíá. Èyí tí ikùn rẹ̀ fẹ̀ díẹ̀, tí ẹnu rẹ̀ sún mọ́ra, ló dára. Ife wáìnì funfun tó wà nílé yín tó. Ẹ fi omi ṣan ọṣẹ kúrò nínú rẹ̀ dáadáa, nítorí ọṣẹ tó bá kù lára ife ń pa híhó. Ẹ má dà á kọjá ìdajì.

Ẹ kọ́kọ́ wò ó. Ti ọlọ́dún tó ti dàgbà máa ń pọ́n bíi wúrà díẹ̀, híhó rẹ̀ sì lè kéré ju ti tuntun lọ. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló ń fi bí híhó ṣe ń tò gun òkè dájọ́ bí ọtí ṣe dára tó. Gérard Liger-Belair, onímọ̀ físíìsì ní Yunifásítì Reims, ti fi ọ̀pọ̀ ọdún wo ọ̀rọ̀ yìí, ó sì fi hàn pé ara fọ́nrán òwú kéékèèké àti eruku tó lẹ̀ mọ́ ife ni ọ̀pọ̀ hóró afẹ́fẹ́ yẹn ti ń bẹ̀rẹ̀. Ọtí kan náà lè hó púpọ̀ nínú ife tí a fi aṣọ nù, kí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má hó nínú èyí tó mọ́ tónítóní. Ẹ má fi ojú ṣe adájọ́ ohun tí imú àti ẹnu ni ó ni ín.

Ẹ gbóòórùn rẹ̀ kí ẹ tó yí ife. Nínú ọlọ́dún bíi 2008, ohun tó sábà máa ń kọ́kọ́ jáde ni òórùn ọsàn wẹ́wẹ́ àti ápù tútù, pẹ̀lú nǹkan kan tó jọ òórùn ẹfun nígbà tí omi bá ta sí i. Ẹ yí ife lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo pẹ̀lẹ́, ẹ gbé e sílẹ̀, ẹ máa bá ọ̀rọ̀ yín lọ. Ẹ padà sí i lẹ́yìn bíi ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Búrẹ́dì ti dé. Bí ó bá tún gbóná díẹ̀ sí i, òórùn èso yíyan á yọjú, oyin lè tẹ̀ lé e, nínú èyí tó dàgbà gan-an ẹ lè gbọ́ ti kọfí. Ìdí tí mo fi ní kí ẹ dúró nìyẹn. Ọtí tí wọ́n dúró dè fún ọdún mẹ́jọ, ó tọ́ kí a fún un ní ìṣẹ́jú ogún.

Tí ẹ bá fi sẹ́nu, ẹ má gbé e mì lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ẹ jẹ́ kó kárí ahọ́n. Kíkan rẹ̀ á mú itọ́ jáde lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹnu. Ó dára bẹ́ẹ̀. Ẹ wo híhó rẹ̀: ṣé ó ń gún, tàbí ó rọ̀? Lẹ́yìn tí ẹ bá gbé e mì, ẹ wo bí adùn rẹ̀ ṣe pẹ́ tó lẹ́nu. Èyí tó bá parẹ́ kíá kò tó owó rẹ̀, ohunkóhun tí wọ́n ìbáà kọ sára rẹ̀. Èyí tó dára gan-an, ẹ ó ṣì máa gbọ́ adùn rẹ̀ lẹ́yìn tí ẹ ti sọ gbólóhùn kan tán.

Kéèkì ìgbéyàwó ni wọ́n sábà máa ń fi tì í, bẹ́ẹ̀ òun ló ń bà á jẹ́ jù. Ṣúgà kéèkì á mú kí Brut dà bí ọtí kíkan lásán. Ata tún ń ṣe tirẹ̀: híhó àti ọtí á mú kí ata àsun jó ẹnu ju bó ṣe yẹ lọ, òórùn búrẹ́dì yẹn á sì pòórá. Iyọ̀ àti ọ̀rá ló bá a mu. Ẹja díndín tí ata rẹ̀ kéré, adìyẹ díndín, dùndún gbígbóná tí a wọ́n iyọ̀ sí, gúgúrú pàápàá. Mo gbà pé dùndún ló dára jù nínú gbogbo wọn.

Ìbéèrè àkọ́kọ́ ṣì wà nílẹ̀, pé bóyá bó bá ṣe pẹ́ tó ló ṣe ń dára tó. Rárá. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti yọ gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ kúrò, òórùn búrẹ́dì kò ní wá láti ara rẹ̀ mọ́. Ọtí á ṣì máa dàgbà, àmọ́ ó lè dàgbà dáadáa, ó sì lè ṣá, gẹ́gẹ́ bí ibi tí wọ́n gbé e sí ṣe rí. Ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ ń kọ ọjọ́ tí wọ́n yọ ọ́ sí ẹ̀yìn ìgò. Ẹ wá a. Ooru àti ìmọ́lẹ̀ ni ọ̀tá rẹ̀. Cristal, tí ilé Louis Roederer ṣe fún Ọba Alexander Kejì ti Rọ́ṣíà ní 1876, ìgò rẹ̀ mọ́ gaara, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń fi ọ̀rá aláwọ̀ ìyeyè wé e títí dòní. Ìgò tó ti dúró fún oṣù púpọ̀ lábẹ́ iná ilé ìtajà, tàbí lójú fèrèsé tí oòrùn ń wọ̀, ẹ má rà á, bó ti wù kí ọdún ara rẹ̀ lókìkí tó. Ẹ ní kí wọ́n mú èyí tó wà nínú páálí wá látinú yàrá tó tutù.

Bí ó bá ṣẹ́kù, ṣíbí tí àwọn kan máa ń kì bọ ẹnu ìgò kò ṣe nǹkan kan. Ẹ ra ìdérí tí wọ́n ṣe fún un, tó ń há mọ́ ẹnu ìgò, ẹ dé e, kí ẹ sì dá a padà sínú fìríìjì lójú ẹsẹ̀. Lọ́jọ́ kejì híhó rẹ̀ á ti dín kù, àmọ́ òórùn ti ọlọ́dún sábà máa ń là dáadáa nígbà náà. Ẹ mu ún tán kó tó di ọjọ́ kẹta.